Ẹ̀wù Tí Àlàájà Rán fún Àlejò

Bí mo bá sọ fún àwọn ará Ìbàdàn pé ìdálẹ̀ ni mo wà, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n á ní, ṣé Kétu náà ni mò ń pè ní ìlú òkèèrè? Ìdálẹ̀ lójú tiwọn ni Lọ́ńdọ̀nù, tàbí Kánádà tí gbogbo ọmọ Agbowó ń kọ̀wé sí. Èmi tí mo gba ẹnubodè kọjá, tí mo fi owó séfà sílẹ̀ tí mo gba náírà, tí mo fi èdè Faransé tí mo fi kàwé láti kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní n kò tíì rìn jìnnà. N kì í bá wọn jiyàn mọ́. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, ìdálẹ̀ ló wà, ibi yòówù tí ìbáà jẹ́.

Èdè ló kọ́kọ́ bá mi lójijì. Mo ti rò pé Yorùbá ni mò ń lọ bá. Yorùbá náà ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé ìdajì, wọ́n á yà sí ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì fi mí sílẹ̀ ní oríta. Ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nísàlẹ̀ ilé tí mo gbà sí ní Agbowó a máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí yóò fi dé ibi tó ṣe pàtàkì, ibẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì yóò ti gbà á lọ́wọ́ mi. Bí èmi náà bá la ẹnu, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wá bi mí pé ará ibo ni mí. Bí mo bá ní Kétu, wọ́n á ní, "Àá, Kútọnu." Èmi ò gbé Kútọnu rí láyé mi. Ó pẹ́ kí n tó jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èdè ni èéfín. Kì í ṣe pé a kò mọ èéfín ní Kétu. Bàbá mi ta bẹntiróòlù inú ìgò létí títì títí wọ́n fi di arúgbó, epo tí wọ́n ń gbé láti Nàìjíríà yìí náà wá, gbogbo aṣọ wa ló sì ń rùn ún. Ṣùgbọ́n èéfín tiwa ní ibi tó ń lọ. Pápá wà, oko wà. Ní Agbowó, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kálukú ló ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ará yàrá kejì sì kọ ẹnu sí fèrèsé tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ọ̀fun mi dà bí ọ̀fun ẹni tó mu eérú. Mo ní kí n lọ bá a sọ ọ́, mo sì rántí pé èmi ni àlejò. Mo ti fèrèsé. Ooru mú mi. Mo tún ṣí i.

Ìyá mi máa ń pè mí lórí Wasáàpù lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Foonu àbúrò mi ni wọ́n fi ń pè, wọ́n sì máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn. Wọ́n á ka gbogbo ẹni tó kú, wọ́n á ka ẹni tó bímọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó bá ọ lára mu?"

Èmi náà á ní ó bá mi lára mu, ara mi le. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbọ̀n mí, mo máa ń gbé foonu jìnnà sẹ́nu. Gbogbo ẹni tó bá ti wà lájò rí ló mọ irú ìdáhùn yẹn. A kì í fi ìyà àjò ránṣẹ́ sílé.

Ó wá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gan-an ni iṣẹ́ tí mo rí ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́ ní Àjàṣẹ́ kí n tó gba ẹnubodè kọjá, ọ̀rẹ́ kan ló sì mú mi mọ Dókítà Mojí, obìnrin olùkọ́ yunifásítì tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wọn èéfín àti eruku inú afẹ́fẹ́ káàkiri ìlú, kí àwọn ará àdúgbò àti ìjọba lè mọ ibi tó ń pa ènìyàn lára. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Ara ògiri níta la máa ń kàn án mọ́. Yóò máa fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn, yóò sì máa fi àwọ̀ ránṣẹ́ sórí foonu wa: àwọ̀ ewé bí afẹ́fẹ́ bá dára, ìyeyè bí ó bá ń bàjẹ́, pupa bí ó bá ti di ewu. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé àkàbà, kí n kàn án, kí n máa nù ún, kí n sì máa bẹ onílé pé kí wọ́n má yọ wáyà rẹ̀ láti fi gba iná sí foonu.

Mo kan ọ̀kan sí Dùgbẹ̀, níbi tí mọ́tò kì í ti í lọ tí kì í sì í bọ̀. Mo kan òmíràn sí Challenge, nílé bàbá kan tí wọ́n bi mí léraléra pé ṣé kì í ṣe ohun tí ìjọba fi ń ṣọ́ ẹni tí kò san owó orí nìyẹn. Ẹ̀yìn Bódìjà ni mo ti pàdé Àlàájà.

Opó ni Àlàájà, iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n sì ṣe kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ilé tí ọkọ wọn kọ́ ni wọ́n ń gbé, àwọn àti Rọ́fíà, ọmọ ọmọ wọn obìnrin tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe kí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ará Kétu ni ọ́." Àwọn ni ẹni kan ṣoṣo ní Ìbàdàn tó sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́. Àwọn ará Kétu kan ti gbé ilé bàbá wọn rí, wọn kò sì gbàgbé bí àwọn yẹn ṣe ń kí ènìyàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí àkàbà. Láti ọjọ́ náà, "àlejò mi" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n kí ẹ̀rọ náà káàbọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní àlejò méjì ló wọlé àwọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé Àlàájà mọ́ kọjá sísọ. Kò sí ohun tí kò ní ẹ̀wù níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀wù, fáànù ní ẹ̀wù, fíríìjì wọ léèsì tó ní ìgbátí, ọ̀rá tí wọ́n fi gbé àwọn àga wálé ṣì wà lára wọn, rìmóòtù náà sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so lọ́rùn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rán gbogbo ẹ̀wù yìí. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí ènìyàn bá kẹ́ ló ń pẹ́. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á bọ́ èyí tó ṣeé bọ́, nítorí eruku ni ìbòrí wà fún, kò wà fún ojú àlejò. Bí àlejò bá lọ tán, wọ́n á tún wọ̀ wọ́n padà.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nílé náà tí Àlàájà kò lè fi aṣọ bò, ìyẹn àyà Rọ́fíà. Nísàlẹ̀ àdúgbò, létí odò, ni àwọn kan ti ń sun awọ màlúù fún pọ̀nmọ́. Táyà ògbólógbòó ni wọ́n fi ń dáná, nítorí iná táyà kì í tètè kú. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni èéfín dúdú máa ń gbéra níbẹ̀, tí yóò rọra gun òkè wá sílé Àlàájà. Ikọ́ fée ń ṣe Rọ́fíà. Bí èéfín bá ti dé, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, á máa fọwọ́ wá ínhélà rẹ̀ kiri orí tábìlì. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: kí èéfín kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yìí, tàbí kí ọmọ yìí kúrò lọ́dọ̀ èéfín.

Ìyá Rọ́fíà wà ní Ìsẹ́yìn nílé ọkọ mìíràn, ó sì ti ní kí wọ́n gbé e wá. Rọ́fíà kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti la ojú, ilé tó mọ̀ nìyẹn. Àlàájà náà kò fẹ́. Wọ́n ti bẹ ẹgbẹ́ onílé tipẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn tó ń sun awọ sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ sì dáhùn pé àìsàn ọmọ ẹnìkan kò tó ohun tí wọn yóò fi dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ẹ̀rọ wa tọwọ́tẹsẹ̀. Dókítà Mojí ti bá ẹgbẹ́ náà ṣàdéhùn pé bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé èéfín náà dé ibi ewu, wọn yóò fòpin sí táyà sísun.

"Ẹ̀rọ yìí ni yóò bá mi sọ ọ́," Àlàájà wí fún mi. "Wọn ò gba tèmi gbọ́ mọ́. Wọ́n ní arúgbó ń ráhùn."

Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, ilé wọn ni mo ti máa ń jẹun ọ̀sán. Mo máa ń pè wọ́n lórí foonu kí n tó lọ, nítorí bí ìyá mi ṣe tọ́ mi ni; a kì í já wọlé àgbà bí ewúrẹ́. Wọ́n á ní kí n máa bọ̀. Bí mo bá dé, Rọ́fíà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu géètì. Àǹtí Afẹ́fẹ́ ló sọ mí.

"Àǹtí Afẹ́fẹ́, àwọ̀ wo ni lónìí?"

Mo máa ń fi foonu hàn án. Àwọ̀ ewé ni. Ó máa ń wò ó, á wò mí, á sì kọjú sí ìsàlẹ̀ àdúgbò bí ẹni tí wọ́n parọ́ fún.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Àlàájà ló rán kẹ̀kẹ́ wá gbé mi láti Agbowó. Yàrá tó dára jù nílé ni wọ́n fi mí sí, àwo tánńganran tí wọ́n ń gbé pamọ́ ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún mi. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná wọn rí. Bí mo bá dìde láti fọ àwo, wọ́n á ní kí n jókòó. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé tó le, wọ́n á dákẹ́ bí mo bá yọ. Mo ń jẹ, mo ń yó, n kò sì mọ ohunkóhun nípa ilé náà ju èyí tí wọ́n bá fi hàn mí lọ.

Mo máa ń rò ó pé ìgbà wo gan-an ni ènìyàn ń di ará ibì kan. Ọjọ́ kan wà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Agbowó, mo sọ ibi tí mò ń lọ, ọlọ́kẹ̀kẹ́ kò sì bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Kí ọjọ́ náà tó kanrí, obìnrin kan ní Dùgbẹ̀ ti ní, "Àǹtí Kútọnu, ẹ yà fún wa." Oyè mi kò pé ọjọ́ kan. Mo wá ń rò ó pé bóyá ìkẹ́ kọ́ ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti di ọmọ ilé. Àlejò ni wọ́n ń kẹ́. Ọmọ ilé ni wọ́n máa ń sọ fún pé omi ti tán.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sílé, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé láti gbọ́ àbọ̀ ẹ̀rọ. Ojú ti mí kí a tó dé ibẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí a kan ẹ̀rọ sí ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn Bódìjà yìí ló mọ́ jù. Dókítà Mojí kò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bóyá atẹ́gùn ló ń gbé èéfín náà gba ibòmíràn, bóyá igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá fẹ́ńsì ló ń dí i. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ohun tí ẹ̀rọ kò sọ. Wọ́n dìde, wọ́n sọ ohun tí ẹ̀rọ sọ.

Àlàájì Mùdà, ẹni tí í ṣe olórí àwọn tó ń sun awọ, ló dáhùn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, pé ó ti gba àwọn lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Wọ́n ní ọyẹ́ ló ń mú ọmọ náà láyà, kí wọ́n máa fi òróró pa á. Àwọn ènìyàn mi orí. Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé ni Àlàájà sọ ọ́ fún mi.

"Bí wọ́n bá ti gba ọlidé, màá fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀."

Ó dùn mí dọ́kàn. Mo mọ ohun tí Rọ́fíà ń lọ bá. Yóò jí ní Ìsẹ́yìn, yóò sì máa rántí géètì ilé yìí àti ibi tí tábìlì wà. Wọ́n á kẹ́ ẹ, nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ ni, àlejò náà ni yóò sì jẹ́. Mo ń bínú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń bínú sí ọ̀rẹ́ tó jẹ́rìí èké.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, iṣẹ́ gbé mi gba Bódìjà kọjá nírọ̀lẹ́. Mo rí èéfín láti òkèèrè. Wọ́n ti tún kó táyà síná, ó sì dúdú kirikiri lókè àwọn òrùlé. Mo mú foonu jáde. Àwọ̀ ewé ni. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo ń wo òkè, mo ń wo ọwọ́ mi, ọlọ́kadà kan sì ń bú mi pé kí n kúrò lójú títì. Mo yà sílé Àlàájà láìpè wọ́n.

Géètì ṣí sílẹ̀. Rọ́fíà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ínhélà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo ń lọ bá a kí n tó wo ara ògiri. Ẹ̀rọ mi wọ ẹ̀wù. Ọ̀rá ló wà lábẹ́, wọ́n ta á ní kókó dáadáa. Léèsì funfun ló wà lókè, ó ní rọ́bà lọ́rùn, ó sì ní ìgbátí nísàlẹ̀ bíi ti fíríìjì. Ó bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó rán an ti wọ̀n ọ́n kí ó tó gé aṣọ.

Àlàájà jáde wá, ojú tì wọ́n díẹ̀. "O ò pè mí kí o tó wá," wọ́n wí. "O wá bá a nínú aṣọ ìdọ̀tí."

Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ló ti ń wọ ẹ̀wù. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti kàn án. Wọ́n ní a ti sọ fún àwọn pé ó wọ́n, pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ṣé kí àwọn wá jẹ́ kí àlejò tó ń sùn níta, tó ń jí níta, jẹ gbogbo èéfín yẹn? Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn ń fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ sì máa ń dúdú bí omi aró. Bí mo bá sì ti pè pé mò ń bọ̀, wọ́n á bọ́ ọ, kí n lè bá a ní mímọ́. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, n kò jáde wo ara ògiri.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé mi, inú sì bí mi, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi, n kò lè sọ èyí tí mò ń ṣe nínú wọn. Ọ̀rọ̀ wà tí ọmọdé kì í dúró sọ fún àgbà. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ ṣé tí ẹ kẹ́ ẹ, mà," mo wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí Rọ́fíà ń mí ló yẹ kí òun náà máa mí. Bí ẹ bá bò ó, inú ọ̀rá ló ń mí sí. Ohun tó sì ń sọ fún wa nìyẹn."

Àlàájà wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wo ọmọ wọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rọra jókòó tì í. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Èmi ni mo wá fi aṣọ dí ẹlẹ́rìí mi lẹ́nu."

Wọ́n dìde, wọ́n fa ẹ̀wù náà bọ́, wọ́n sì nawọ́ sí báàfù ọṣẹ. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ohun tí n kò jẹ́ dán wò tẹ́lẹ̀. Inú ẹ̀wù náà funfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ má fọ̀ ọ́."

Wọ́n yé mi, èmi náà yé wọn. Wọ́n ká a jẹ́jẹ́, wọ́n sì fi sínú ọ̀rá kan. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n wọ ilé ìdáná, kí n bá àwọn bu omi mímu wá fún Rọ́fíà, kí n sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá omi ṣì kù. Mo wọlé. Ilé ìdáná náà kò tò rárá, ìkòkò wà lórí ìkòkò, kò sì sí ohun tó wọ ẹ̀wù níbẹ̀. Mo dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó bu omi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìyá mi bi mí ní ìbéèrè wọn. Ó ti wà lẹ́nu mi kí n ní ó bá mi lára mu. Mo rántí ẹ̀rọ náà nínú ọ̀rá. Mo wá sọ fún wọn pé èéfín ibí pọ̀, pé mo ń wúkọ́, pé ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n máa bọ̀ wálé, pé n kò sì tíì fẹ́ bọ̀.

"Mo ti ń gbọ́ ikọ́ náà lóhùn rẹ tipẹ́," ìyá mi wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ọlidé dé kí ìpàdé kejì tó dé. Ẹ̀rọ wà ní ìhòòhò lára ògiri, pupa ló sì ń fi ránṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n Dókítà Mojí ní a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní èèṣì ni. Àyà Rọ́fíà kò lè dúró de ìyẹn. Àlàájà di ẹrù rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún lójú wa. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti di àwọ̀ ewé kí n pe òun, mo sì ṣèlérí fún un.

Kò dúró dè mí. Òun ló ń pè. Foonu ìyá rẹ̀ ló ń gbà nírọ̀lẹ́, kò sì ní kí mi tán kí ó tó bèèrè. Àwọ̀ wo ni? Mo máa ń ní pupa. Ó máa ń ní ó dáa, ó máa ń sọ pé àyà òun kò súfèé mọ́, pé wọ́n ra bàtà fún òun, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ náà. Mo ti fi foonu dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, láti Agbowó sí Kétu.

Nígbà tí ìpàdé pé, Dókítà Mojí tún dìde, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi pupa hàn. Ariwo ta. Ẹnìkan ní ṣé ẹ̀rọ tó ní ó mọ́ lánàá ló ní ó dọ̀tí lónìí? Àlàájì Mùdà ní ẹ jẹ́ kí a rọra, ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ pátápátá, eruku ni gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà tún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Àlàájà dìde láàárín wọn. Wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n sì na ẹ̀wù náà jáde kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá ẹ̀rọ wí, àwọn ni àwọn bò ó, bí àwọn ṣe ń bo gbogbo ohun tí àwọn fẹ́ràn. Wọ́n ní léèsì funfun ni àwọn fi rán an, ó sì wà lára ògiri àwọn láàárín Sátidé kan sí òmíràn, kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síwájú Àlàájì Mùdà.

"Mùdà, ọyẹ́ kì í dúdú," wọ́n wí. "Gbé imú sí i. Ohun tí ọmọ mi ń mí nìyí, kò sì sí ẹni tó lè bá mi fọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Àlàájì Mùdà gbà á. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n fi í fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, onítọ̀hún náà gbóòórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi yí agbo náà ká. Ó padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àlàájì Mùdà wo ọwọ́ ara wọn tí ẹ̀wù náà ti kùn dúdú.

"Àwọn ọmọ tó ń bá mi sun awọ náà ń wúkọ́," wọ́n wí. "Mo ń sọ fún wọn pé ọyẹ́ ni."

Kò rí bí ó ṣe máa ń rí nínú ìtàn. Ẹgbẹ́ onílé àti àwọn tó ń sun awọ jọ fẹnu kò pé gáàsì ni kí wọ́n máa lò, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí iná gáàsì ńlá tó dé, àwọn kan sì tún ń jí fi táyà dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ wa ló ń tú wọn fó. Bí pupa bá yọ láàárọ̀, Àlàájì Mùdà á ti sọ̀kalẹ̀ lọ sódò fúnra wọn. Díẹ̀díẹ̀, pupa di ìyeyè. Mo ń sọ ọ́ fún Rọ́fíà lórí foonu. Nígbà tí òjò kan rọ̀ tí àwọ̀ ewé yọ, n kò sọ fún un, nítorí òjò ló fọ afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àwa.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ṣíwọ́ tipẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Mo wà ní Ring Road, mò ń nu ẹ̀rọ ibẹ̀, mo sì wo foonu bí mo ṣe máa ń wò ó. Ẹ̀yìn Bódìjà ti di àwọ̀ ewé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, inú mi kò dùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni léèsì. Mo kó àkàbà mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, n kò pe Àlàájà.

Mo bá wọn lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ara ògiri ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó kí wọn. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀rọ náà. Àlàájà rí ibi tí ojú mi lọ.

"Ìwọ náà ò gbà mí gbọ́ mọ́," wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni foonu dún. Rọ́fíà ni. Bó ṣe ní, "Àǹtí Afẹ́fẹ́, àwọ̀ wo ni?" ni mo gbé foonu fún Àlàájà, nítorí kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ó ti gbọ́ ọ. Àlàájà gbé e sétí. Wọ́n ní, "Àwọ̀ ewé ni," wọ́n sì tún ní, "Rọ́fíà, àwọ̀ ewé ni."

Ọmọ náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà gbọ́ ọ.

"Ìyá àgbà, ṣé kì í ṣe pé ẹ tún bò ó?"

Àlàájà gbé ojú sókè wo ẹ̀rọ náà lára ògiri wọn.

"Ìhòòhò ló wà," wọ́n wí. "Di ẹrù rẹ."